Ìforúkọpamọ́ Kò Tó Ìbòàṣírí: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ní Ìbámu pẹ̀lú Òfin Ìdáàbòbò Ọ̀rọ̀ Ara Ẹni

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Òwe yìí jẹ́rìí sí i pé àwùjọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ gbangba àti ọ̀rọ̀ yàrá. Lóde òní, abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 tún fẹ ààbò náà lójú sí i. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ìmọ́lẹ̀ tí Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá lè tàn sí ọ̀rọ̀ yìí fún olùkọ́ èdè. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé fífi orúkọ ènìyàn pamọ́ nìkan kò tó àṣírí bíbò.

Ìtàn náà àti Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ni ó gbé ìtàn yìí jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, kí ó tó sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Ọ̀wọ́ lẹ́tà sí olóòtú ni. Obìnrin kan tí àìsàn àti ìṣẹ́ ti dè mọ́lẹ̀ ni ó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin sílẹ̀, tí ó sì ń kábàámọ̀. Orúkọ Ṣẹ̀gilọlá ni ó wà lábẹ́ àwọn lẹ́tà náà, kì í ṣe ti Thomas. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i.

Abọ̀ Ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn

Asọ̀tàn náà tú àṣírí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ àwọn ọkùnrin tí ó bá lò pamọ́. Bí a bá wò ó báyìí, a lè sọ pé ọmọlúàbí ni: ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó fi tọrẹ, kò fi ti ẹlòmíràn kún un. Àmọ́ ibùdó ìtàn náà ta ko èrò yìí. Àdúgbò àti òpópónà Èkó gan-an ni Thomas ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, abọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Orúkọ tí kò sí nínú lẹ́tà di àlọ́ tí ará Èkó ń wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ìpamọ́ tí ó yẹ kí ó pa ojú-mìító òǹkàwé ni ó tún ń ru ú sókè, tí ó sì ń mú kí wọ́n dúró de ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Oríire ibẹ̀ ni pé ẹ̀dá-ìtàn ni Ṣẹ̀gilọlá. Ká ní ẹni gidi ni, ìdílé púpọ̀ ni ìtìjú ì bá wọlé tọ̀.

Ohun tí Òfin Rí àti Ohun tí Ó Fi Sílẹ̀

Òfin ọdún 2023 kò fi orúkọ nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀, yálà ní tààrà tàbí ní ẹ̀búrú, ni ó kà sí dátà rẹ̀. Ó tún ya ọ̀rọ̀ ìlera àti ìbálòpọ̀ sọ́tọ̀ fún ààbò tí ó le jù. Ohun méjèèjì yìí gan-an ni lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá dá lé. Síbẹ̀, òfin kan náà yọ ìwé tí a gbé jáde fún iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọnà àti lítíréṣọ̀ nítorí ire gbogbo ènìyàn sílẹ̀ níbi tí àwọn ìlànà rẹ̀ bá ti ta ko irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tọ̀nà, nítorí lítíréṣọ̀ kò lè gbèrú nínú ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin bá ti yọwọ́, ẹ̀rí-ọkàn òǹkọ̀wé ni ó gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìdílé rẹ̀ tàbí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé láéláé. Ọmọ lè kọ ọ́ pé àìsàn ń ṣe ìyá òun, tàbí pé bàbá òun wà lẹ́wọ̀n. Bí olùkọ́ bá ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ sétí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí kò sì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó lè rò pé òun ti bo àṣírí. Kò bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìrísí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí agogo ìsinmi tó lù, abọ̀ ọ̀rọ̀ ti di odidi. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ àti òbí rẹ̀, tàbí kí ó fúnra rẹ̀ hun àpẹẹrẹ mìíràn.

Ìkádìí

Thomas fi ogbón gidi hun ìtàn rẹ̀, kò sì sí ẹni gidi tí ó fi ara gbọgbẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ gbà tọpasẹ̀ ẹni tí kò sí láyé fi hàn bí yóò ti rí fún ẹni tí ó wà. Ẹni tí yóò bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó la ẹnu.