Ekòló àti Ilẹ̀: Òǹdìbò Oníwọ̀ntúnwọ̀nsì àti Òǹdìbò Ajìjàgbara nínú Eré Yorùbá Ronú ti Hubert Ògúǹdé

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí eré Yorùbá Ronú, tí Hubert Ògúǹdé gbé jáde ní ọdún 1964, gbà ṣàlàyé ohun tí ó ya àwọn mẹ̀kúnnù tí ń dìbò sọ́tọ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí ó ń fẹ́ àtúnṣe ìlú, ṣùgbọ́n tí ó gbà pé ìbò, ilé-ẹjọ́ àti ẹ̀bẹ̀ tó láti mú un wá, ni a ó pè ní oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀nà wọ̀nyí ti dí, tí ó sì ṣe tán láti wó ètò tí ó wà nílẹ̀, ni a ó pè ní ajìjàgbara. Èrò wa ni pé Ògúǹdé rí ìyàtọ̀ yìí kedere, ṣùgbọ́n kò rí orísun rẹ̀.

2. Èrò tí ó wà nínú eré náà

Nínú eré náà, igbákejì olórí kan dalẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Olórí wọ ẹ̀wọ̀n, ọ̀dàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ni àwọn ènìyàn lára títí wọ́n fi dìde sí i. Kò ṣòro fún òǹwòran láti mọ ẹni tí a ń bá wí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wọ ẹ̀wọ̀n láti ọdún 1963, S. L. Akíntọ́lá, tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, ni ó ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba náà fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúǹdé ní ọdún 1964, ìjọba ológun ni ó sì tú òfin náà ní ọdún 1966.

Kókó eré náà wà nínú àkọlé rẹ̀, àṣẹ sì ni àkọlé ọ̀hún. Ẹni tí kò tíì ronú ni a ń pàṣẹ fún pé kí ó ronú. Ní ojú Ògúǹdé, nígbà náà, ẹni tí ń fara dà á ń sùn ni. Ẹni tí ó dìde ti jí. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì di orúkọ mìíràn fún àìmọ̀kan. Ẹni tí ó bá yin eré náà kìkì nítorí pé ó jí ará ìlú lójú oorun ti gba èrò yìí wọlé láì yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Àríwísí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró de ọjọ́ ìbò. Ìdúró yẹn gan-an, ìrònú ni. Nígbà tí ìbò dé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, a kéde àwọn olùdíje ẹgbẹ́ ìjọba kan pé wọn kò ní alátakò, nígbà tí àwọn alátakò ń wá òṣìṣẹ́ ìbò tí yóò gba ìwé wọn kiri. Lẹ́yìn ìbò, èsì tí a kà fún ará ìlú kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà pé àwọn dì. Ìgbà yìí ni iná Wẹtiẹ ràn. Àgbẹ̀ tí ó tò sórí ìlà lówùúrọ̀ láti dìbò kò kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun kan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Etí ìjọba ni ó di.

A ní ekòló kì í júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ má lanu. Oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ekòló tí ó ṣì gbà pé ilẹ̀ yóò lanu. Ajìjàgbara ni ekòló kan náà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti pa ẹnu dé.

Ẹnìkan lè sọ pé òṣì ni ó ń fa ìjà, tàbí pé àwọn jàǹdùkú tí olóṣèlú bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni ó dáná sunlé. Òótọ́ ni pé jàǹdùkú wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969. Ìjọba ológun ni ó wà lórí àlééfà, kò sí ìbò tí àgbẹ̀ lè dì. Àwọn tí ó ní oko kòkó, tí wọ́n ní ohun tí wọ́n lè pàdánù, ni ó kọ owó orí, tí wọ́n sì já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Nígbà tí ìjọba dín owó orí kù, ọ̀pọ̀ wọn padà sí oko. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà abínibí ni ìjàgbara, kò yẹ kí ó rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti Oǹdó ní ọdún 1983 tún fi èyí hàn. Nígbà tí a kéde Akin Ọmọ́bóríowó, tí ó ti ṣe igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin rí, pé òun ni ó wọlé, ìlú dàrú, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ilé-ẹjọ́ ni ó dá ipò padà fún Ajáṣin. Ẹni tí ó mú ẹjọ́ lọ àti ẹni tí ó mú iná jáde kò yàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọ̀kan ṣì rí ibi tí a ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Èkejì kò rí i mọ́.

4. Ìkádìí

A kò fi èyí bu iyì Ògúǹdé kù. Ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ gbowó lórí, ó sì san owó rẹ̀. Àní òfin tí a fi dè é jẹ́rìí sí èrò wa ju eré náà lọ: ẹni tí ó sanwó wọlé láti gbọ́ ìbáwí nínú orin, ọ̀nà wọ̀ǹtúnwọ̀nsì ni ó tọ̀, ìjọba sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa alámèyítọ́ ṣọ́ra. Bí a bá pe ẹni tí ń fara dà ní asùnlọ, tí a sì pe ẹni tí ó dìde ní jàǹdùkú, a ti dá mẹ̀kúnnù lẹ́bi lọ́nà méjèèjì. Ẹni tí ó ka ìbò ni kò ní sí ẹni tí yóò bi í léèrè.