Àyẹ̀wò Ọ̀kadà Tuntun
Inú páálí ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tuntun ń bá wọ Nàìjíríà. Mẹkáníìkì ní í tò wọ́n. Ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, níbi tí ọ̀kadà ti ń kó èrò àti irè oko, dídán ọ̀dà kì í tan mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ jẹ. Yóò fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì a máa tú èyí tí kò le. Ṣéènì tó le jù a máa jẹ béárìn. Èyí tó dẹ̀ jù a máa já bọ́. Yóò yẹ ọ́ìlì, bíréèkì àti wáyà tó ń gbo irin wò. Bó bá gùn ún díẹ̀, yóò tún nọ́ọ̀tì dè. Iyì iṣẹ́ náà ni pé àléébù ti kúrò kí ọlọ́kadà tó rí i.