Asà Kì í Ṣe ti Ẹnìkan

Ogun Thermopylae, tí ó wáyé ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù, ni fíìmù 300 dá lé. Zack Snyder ni ó darí rẹ̀. Ọdún 2007 ni ó sì dé àwọn ilé sinimá. Leonidas, ọba Sparta, dènà de ogun Páṣíà ní ọ̀nà tóóró kan láàrin òkè àti òkun. Fíìmù náà dùn ún wò, n kò jiyàn. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé ó gbé òfin ogun kan kalẹ̀, ó fi í dá ẹnìkan lẹ́bi, òun fúnra rẹ̀ sì rú u.

Kí ni òfin náà? Àwọn jagunjagun Gíríìkì kì í jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣe ni wọ́n ń tò ní ìlà, ìlà lẹ́yìn ìlà. Apá òsì ni oníkálukú fi ń gbé asà, asà náà a sì máa bo ìhà ọ̀tún ẹni tí ó dúró sí òsì rẹ̀. Plutarch ròyìn pé wọ́n bi Demaratus, tí ó ti jọba rí ní Sparta, léèrè ìdí tí ẹni tí ó sọ asà nù fi ń di ẹni ẹ̀tẹ́, tí ẹni tí ó sọ àṣíborí nù kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé nítorí ara ẹni ni a ṣe ń dé àṣíborí, ṣùgbọ́n nítorí gbogbo ìlà ni a ṣe ń gbé asà.

Fíìmù náà mọ èyí dájú. Nígbà tí Ephialtes abuké bẹ̀bẹ̀ pé kí òun bá wọn jà, Leonidas ní kí ó gbé asà rẹ̀ sókè. Kò lè gbé e tó. Ọba ṣàlàyé iṣẹ́ asà fún un, ó sì kọ̀ ọ́. Ìdájọ́ náà le, ṣùgbọ́n ó bá òfin mu. Àmọ́ nígbà tí ìjà gbóná, ọba yìí kan náà já kúrò nínú ìlà, kámẹ́rà sì ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́ bí ó ti ń pa ti ọ̀tún, tí ó ń pa ti òsì. Ta ni asà rẹ̀ ń bò nígbà náà?

Herodotus sọ ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀. Àwọn ará Sparta a díbọ́n bí ẹni tí ó ń sá. Bí àwọn ará Páṣíà bá ti fi ariwo lé wọn, wọn a yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣọ̀kan nìkan ni ó lè dán irú èyí wò.

Ibi tí ó dùn mí jù ni ti Ephialtes. Herodotus kò pè é ní abuké. Ará Malis ni, èrè ni ó sì ń wá tí ó fi fi ọ̀nà orí òkè han ọba Páṣíà. Ìwé alàwòrán Frank Miller, tí fíìmù náà tẹ̀lé, ni ó sọ ọ́ di abuké. Àwa tí àwọn baba wa ń pe abuké ní ẹni òrìṣà kò gbọdọ̀ gbà á láìbéèrè.

Ẹnìkan lè ní Dilios, ọmọ ogun tí ó ń pìtàn nínú fíìmù náà, ni ó bu iyọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ogun ni àwọn tí ó ń gbọ́ ọ ń lọ. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni bí a ti í dúró ti ẹnìkejì ẹni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, 700 ọkùnrin láti Thespiae kọ̀ láti lọ, wọ́n sì bá àwọn ará Sparta kú síbẹ̀. 300 ni wọ́n sọ fíìmù náà.