Iṣẹ́ Ọwọ́dilẹ̀ Mẹ́sẹ́ńjà Kan

Bí ẹnìkan bá ti rojọ́ nínú ẹgbẹ́ wa yìí pé ewì tí òun ń kọ kò já mọ́ nǹkan, pé àwọn ará ilé ń bi òun pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi dá a lóhùn pé, "Tutùọlá ńkọ́? Ṣé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ìwé rẹ̀ fi dé London?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń rojọ́ á sì gba ìpẹ̀. Ìpẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé oríire lásán ló gbé ìwé náà jáde, àti pé London ló sọ ọ́ di nǹkan gidi. Ẹni tó bá ka The Palm-Wine Drinkard fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe nóòtì kóòsì nìkan ló kà, á rí i pé irọ́ ni méjèèjì.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Amos Tutùọlá, 1920 ni wọ́n bí i. Ilé ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà. Bàbá rẹ̀ kú, owó ilé ìwé sì tán. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi iṣẹ́ náà bá àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, ló bá di mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: kí ẹ jókòó kí ẹ máa retí ìgbà tí ọ̀gá máa pè yín. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé jíjókòó láìṣe nǹkan ló sú òun tí òun fi mú bébà. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wàásù pé ọwọ́ tó dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Bó bá jẹ́ Èṣù ló bẹ ọwọ́ yìí níṣẹ́, a jẹ́ pé Èṣù inú Ifá ni, èyí tí òun náà jẹ́ ìránṣẹ́.)

Ohun tó wù mí jù nínú ìwé náà ni pé iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá a wọnú àlọ́ lọ. Ẹ wo oko tí bàbá ọ̀mùtí fún un: igi ọ̀pẹ 560,000! Adẹ́mu ń dá kèrègbè ẹmu 150 láràárọ̀, ọ̀mùtí á ti mu ún tán kí aago méjì ọ̀sán tó lù, adẹ́mu á tún lọ dá 75 wá ní ìrọ̀lẹ́. Ta ló ń ka ọ̀pẹ nínú àlọ́? Nílé tiwa, wọ́n á ní ọ̀pẹ pọ̀ lọ súà, ó parí. Àfi ẹni tó ti rí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba lójoojúmọ́ ló lè ronú pé irọ́ àlọ́ á túbọ̀ dùn bí a bá ṣírò rẹ̀.

Ibi tó ti wá ga jù ni ìgbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọnú Igi Funfun. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ta ikú wọn ní £70:18:6, wọ́n sì yá ẹnìkan ní ẹ̀rù wọn, èlé rẹ̀ jẹ́ £3:10:0 lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú ní òun kò dá a padà mọ́, òun ti sanwó. Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò lè kú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n! Mo ti ka ewì púpọ̀ lórí ikú, títí kan èyí tí àwa náà ń kọ, tí gbogbo rẹ̀ kún fún "ikú ọ̀dájú"; kò sí ọ̀kan tó bà mí lẹ́rù tó ṣílè méjìdínlógún àti sísì yẹn. Bákan náà ni ọkùnrin arẹwà ọjà, tó jẹ́ pé ńṣe ló háyà gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tó wá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí. Àlọ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ lọ́mọdé ni. Ṣùgbọ́n Tutùọlá ní ẹwà ọkùnrin yìí pọ̀ débi pé bọ́ǹbù ò ní bọ́ sí ìlú tó bá wà. Alágbẹ̀dẹ àwọn ọmọ ogun òfúrufú ló sọ ìyẹn.

Faber and Faber tẹ ìwé náà ní 1952. Lọ́dún yẹn kan náà ni Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nílé, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Ní 1954, lẹ́tà kan jáde nínú West Africa pé kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá, pé bí kò bá lè kọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ èdè abínibí rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá, ó yẹ kí n pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn, àbí? Kò ṣeé ṣe. Ẹ ka ìwé náà sókè, ẹ óò gbọ́ àgbà tó ń pa àlọ́ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ẹni tó kọ lẹ́tà kò fetí sí i. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó yìn ín náà kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n yìn ín bí ìgbà tí a ń yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Àtẹni tó bú u, àtẹni tó yìn ín, kò sẹ́ni tó bá a ka ọ̀pẹ.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe bojúbojú. Ọjọ́ méjì ló fi kọ ìtàn náà lákọ̀ọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta ló tún fi fẹ̀ ẹ́. Nínú àwa tó ń sọ pé "mo kàn fi ń ṣeré ni" bí wọ́n bá ti tọ́ka sí àṣìṣe wa, mélòó ló padà sórí ewì rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta?

Ìyìn London kò sì gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ó lọ ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn, ó ń kọ̀wé lọ. 1979 ni Yunifásítì Ifẹ̀ tó gbà á gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí àlejò.

Àwọn ará wa yóò sọ pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá ló gbé ìtàn náà padà wálé, nígbà tó fi ṣe eré Ọ̀mùtí ní Yorùbá ní 1963. Eré náà dùn, orin rẹ̀ dùn. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan: Ògúnmọ́lá sọ gbogbo ìrìnàjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá, kí ẹ̀kọ́ nípa ọtí àmujù lè hàn. Kí ló dé? Ọ̀mùtí Tutùọlá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹmu ló fẹ́, adẹ́mu rẹ̀ ló ń wá lọ sílùú àwọn òkú. Nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di àlá, ẹ ti fi àṣẹ fún gbogbo ènìyàn láti má gbà á gbọ́.

Nínú ẹ̀dà tí Faber tẹ̀, wọ́n ya ojú-ewé kan síbẹ̀ látinú ìwé tí Tutùọlá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ. Mo fura pé wọ́n fi síbẹ̀ kí àwọn òǹkàwé wọn lè gbà pé ènìyàn kan ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí wọ́n tọ́ kò tó nǹkan. Ohun tí tíṣà á fi yíǹkì pupa fà ya, wọ́n fi í sílẹ̀. Ojú-ewé yẹn ni kí ẹ máa fi han ẹni tó bá ń rojọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà náà ní láíbìrì, kó jọ̀ọ́ bá wa ṣe fotokópì rẹ̀, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń ṣèpàdé.