Ta Ni À Ń Múra Fún?

Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa, a máa ń rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: «Tenue correcte exigée». Ẹni tí kò bá múra bó ti yẹ, kí ó má wọlé, ni ìwé náà ń wí. Kò sọ ohun tí «bó ti yẹ» jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni yóò túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà sì mọ ẹni tí òun lè dá padà àti ẹni tí òun gbọ́dọ̀ dìde fún. Ìyá àgbà tó ti abúlé wá gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó wọ sílípáàsì, yóò dúró níta. Ọ̀gá tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú irú sílípáàsì kan náà yóò gba ìkíni.

Ìwé yìí ló ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkígbà tí a bá gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn àgbà ń rò nípa ìmúra ayé òde òní. Ẹjọ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń jẹ́ kí ṣòkòtò yọ̀ sí ìdí. Wọ́n ní jíìnsì tó ya lórúnkún ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Akọ̀wé ti bọ́ táì sílẹ̀, olùkọ́ ń fi ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù wọ kíláàsì, irun orí ọkùnrin kò yàtọ̀ sí ti obìnrin mọ́. Lójú tiwọn, gbogbo èyí ń fi hàn pé ìlú ti bàjẹ́, pé kò sí ẹni tí ojú ń tì mọ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀.

A kò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́, a rò pé ẹsẹ̀ àwọn tí kò lágbára ni wọ́n ń lọ kà á sí.

Ìmúra wo gan-an ni wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ kóòtù àti táì ni, a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí a ṣì ń rí lára àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà títí di òní. Aṣọ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀, aṣọ kan náà di àmì ẹni tí wọ́n ń pè ní «évolué», ẹni tí ojú rẹ̀ ti là. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá tó wẹ̀, tó ró ìró méjì, tó wé gèlè, tó sì fi ìborùn lé èjìká kò tíì múra lójú ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó bá ń sunkún ìwọ̀n àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé níta ẹnu ọ̀nà ni ìwọ̀n náà fi ìyá rẹ̀ àgbà sí.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀pá ìwọ̀n náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní Zaïre, Mobutu ka táì léèwọ̀, ó sì fi «abacost» rọ́pò kóòtù. Ní Burkina Faso, Sankara ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso dan fani, aṣọ híhun ilẹ̀ wọn. Níhìn-ín, a rí Kérékou pẹ̀lú ẹ̀wù ọlọ́rùn Mao. Ohun tó jẹ́ àìmúra ní ọ́fíìsì kan di àṣẹ ní òmíràn. Abacost tí wọ́n lọ̀ tó ń dán kò sì dá ọwọ́ àwọn tó kó owó Zaïre jẹ dúró.

Ìwọ̀n tiwa-n-tiwa yàtọ̀. Yorùbá kì í béèrè bóyá aṣọ dára kí ó tó béèrè ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń lọ. Aṣọ iṣẹ́ wà, aṣọ àwọ́lẹ̀ wà, aṣọ ìmúròde wà. Àgbẹ̀ tó wọ àkísà lọ sóko kò ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó wọ sányán lọ sóko ni wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níwájú ọba, bíbọ́ gan-an ni ìbọ̀wọ̀: à ń bọ́ fìlà, à ń bọ́ bàtà, kí á tó dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán tí ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba yóò torí rẹ̀ lé ènìyàn dànù ni ààfin fi ń mọ ẹni tó mọ ẹ̀yẹ.

Nítorí náà, nígbà tí àgbà kan bá bínú sí jíìnsì tó ya níbi ìsìnkú, a gbà pé ó jàre. Ẹni tó wọ̀ ọ́ wá kò ya ọjọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹbí sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó: ara tí a wẹ̀ àti aṣọ tí a fọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí a fẹ́ jókòó tì. (Kí á tún rántí pé omi ní iye tirẹ̀ ní abúlé tí kànga bá jìnnà.) Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà kan náà bá ti ara ṣòkòtò ọmọ fò lọ sórí ìwà ọmọ, a fẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Kí ó mú àwòrán tirẹ̀ wá, èyí tó yà ní nǹkan bí ọdún 1975, tó ṣì wà lára ògiri pálọ̀. Ẹnu ṣòkòtò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, irun orí dúró bí agboòrùn, bàtà ga bí àpótí ìjókòó. Bàbá tirẹ̀ rojọ́ pé ó ń fi aṣọ ṣòfò. Òun náà ń rojọ́ lónìí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣahun aṣọ.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà gbọ́ nínú ẹjọ́ náà: ibi tí aṣọ ọ̀hún ti ń wá. Ẹ dé ọjà Missèbo ní Kútọnu. Ìdì aṣọ àlòkù tó ti òkè òkun dé ni ẹ óò rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá tú ìdì kan, àwọn tó ń tún un tà á kọ́kọ́ ṣa èyí tó dára jù. Èyí tó kù á máa lọ sí ìsàlẹ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tí yóò fi dé ọjà abúlé. Báyìí ni àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Kétu ṣe lè máa kọ ebè nínú ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì Amẹ́ríkà sí láyà, láì mọ̀ pé òun ti di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù lọ ní Áfíríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú òwú náà ń jáde lọ láì tíì di fọ́nrán kan. Aṣọ ló ń padà wá, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́ tán. Ṣẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ àti jíìnsì tí a ń pè ní ìmúra yẹpẹrẹ ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà. Aṣọ òfì ni ìmúra gidi, a gbà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ.

Ẹni tó bá sì ní a kò mọ aṣọ wọ̀ mọ́, kí ó wá sí òde wa lọ́jọ́ Sátidé. Níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, àǹkóò ni gbogbo ẹbí wọ̀, léèsì ń tàn, gèlè le bí pákó, bàtà àti báàgì bára mu. Àwọn kan jẹ gbèsè kí wọ́n tó ra aṣọ náà. A ò mọ ìgbà kan rí tí Yorùbá múra ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú àwọn olówó-aṣọ wọ̀nyí yóò jókòó sẹ́yìn tábìlì níbi iṣẹ́ ìlú nínú ẹ̀wù tó ti ṣá, yóò máa tẹ fóònù, ìyá àgbà tí ẹ̀ṣọ́ ti jẹ́ kó wọlé níkẹyìn yóò sì wà lórí bẹ́ńṣì láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ìmúra kò dínkù, nígbà náà. Ó ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn: a kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti ya wá ní fọ́tò, a sì kó àjákù wá síbi tí àwọn tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan ti ń dúró dè wá.

Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ṣe ń ṣe irú ẹjọ́ yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó jinlẹ̀ ní Kétu, tí UNESCO sì kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣúra tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ní, kún fún ọ̀rọ̀ aṣọ. Ìró àti gèlè tí àwọn obìnrin yá wọn ni àwọn ọkùnrin tó ń jó fi ń bo ara. Lórí igi gbígbẹ́ tó wà lórí wọn, agbẹ́gilére á gbẹ́ àṣà irun, gèlè, fìlà, awò ojú, gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sígboro. Wọn kì í fi àrà tuntun pamọ́. Wọ́n ń gbé e lé orí jó, kí gbogbo ìlú wò ó dáadáa, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ó bá yẹ fún ẹ̀rín. Lóru, ẹ̀fẹ̀ á kọrin. Ẹ̀fẹ̀ lè bú ọmọge tó ń ṣe àṣehàn, ṣùgbọ́n kò ní dákẹ́ síbẹ̀: yóò kan ahun, yóò kan olè, yóò kan ìjòyè tó ń fi ipò rẹ̀ rẹ́ni jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú un nítorí rẹ̀. Àríwísí tí a ń gbọ́ lónìí kò tíì kọjá ẹsẹ̀ kìíní orin náà.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò sí lára àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wá. Ní ilé-ìwé wa, kaki ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀, olùkọ́ kan sì máa ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀. A máa ń wo irun, a máa ń wo ṣòkòtò tí télọ̀ ti fún mọ́ ẹsẹ̀, a máa ń wo bàtà. Òfin ni pé sílípáàsì kò gbọdọ̀ wọlé. Ní ọjọ́ kan tó jẹ́ pé àwa ni iṣẹ́ géètì kàn, ọmọkùnrin kan tó ń múra BEPC dé pẹ̀lú sílípáàsì. Kaki rẹ̀ mọ́, ó sì lọ̀ ọ́. A ní kí ó padà sílé lọ wọ bàtà. Ó ní ilé jìnnà. A ní òfin ni òfin. Kò ta ko wá. Ó kí wa, ó yí padà. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, kíláàsì rẹ̀ ṣe ìdánwò ìṣirò, òfo ni wọ́n sì fún ẹni tí kò bá wá.

Kò dé ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọlé pẹ̀lú sàǹdáàlì tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tó fi okùn dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa okùn. A jẹ́ kí ó kọjá. A kò bi í léèrè ẹni tó ni bàtà náà, a kò sì bi í ohun tí ẹni náà wọ̀ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀wù tí àwa fúnra wa wọ̀ nígbà tí a lé e padà, a kò lọ̀ ọ́. A ti rò pé àwọn ọmọ lásán ni a ń lọ bá.

A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn olùkọ́. Àríyànjiyàn pọ̀. Àwọn kan ní bí a bá dẹ okùn lórí sílípáàsì, ọ̀la ni wọn yóò wá ní ìhòòhò. Àwọn mìíràn ní kí á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ tiwa lábẹ́ tábìlì tí a jókòó sí, àwa bíi mélòó kan sì fa ẹsẹ̀ wa sẹ́yìn. Níkẹyìn a fẹnu kò pé òfin yóò dúró, ṣùgbọ́n a kò ní dá ẹnikẹ́ni padà ní ọjọ́ ìdánwò mọ́. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Lẹ́yìn náà ó sọ fún wa pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà dé. Gbogbo wa ló wọ bàtà, tó fi mọ́ àwọn tó ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. A lọ aṣọ wa, ẹlòmíràn sì so táì mọ́ ọrùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wá láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo àlejò.