"Brain Fag" àti "Ọdẹ Orí": Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Méjì

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí yẹ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ àìsàn àwọn ọ̀dọ́ wa lórúkọ, nítorí orúkọ tí a bá fún àìsàn ni yóò pinnu ojú tí a ó fi máa wo ẹni tí ó ń ṣe. Orúkọ méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín: "brain fag" tí ó ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá, àti "ọdẹ orí" tí ó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn méjèèjì ń sọ nípa ìnira ọkàn tí ó ń gba inú ara sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1960 ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ń ráhùn pé orí àti ọrùn ń dun àwọn, pé orí ń gbóná, pé ojú ń ṣú bí àwọn bá ṣíwèé, àti pé ohun tí àwọn kà kò yé àwọn mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pè é ní "brain fag", ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Ó yẹ kí a yin Prince, nítorí ó gbọ́ wọn, kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá okùnfà kù díẹ̀ káàtó. Ó ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn Òyìnbó, nínú èyí tí olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ ṣe, kò bá àjùmọ̀gbé ilẹ̀ wa mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún àwọn èèyàn tiwọn tí ìwé kíkà ti tán lókun. Báwo ni ohun tí ó ń ṣe Òyìnbó ṣe wá di àrùn ọmọ adúláwọ̀ nìkan? Ní ọdún 1994, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń to àrùn kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti àṣà kan pàtó. Ẹ̀dà ti 2013 kò to orúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ mọ́. Orúkọ kò dá dúró nínú ìwé mọ́, ṣùgbọ́n orí fífọ́ kò kúrò ní kíláàsì.

Ní ti "ọdẹ orí", Roger Makanjuola kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1987. Àwọn tí ó ń ṣe ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, etí ń hó, àyà sì ń lù kìkì. Ẹwà orúkọ yìí ni pé kò dá aláìsàn lẹ́bi: nǹkan ni ó ń dọdẹ rẹ̀. Ó sì bá èdè wa mu, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń sọ pé "ara mi kò balẹ̀" àti "ọkàn mi kò balẹ̀". Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá ti gbọ́ ọdẹ, a ó máa bèèrè ẹni tí ó rán an. Ibẹ̀ ni ìfura ayé àti aṣeni ti ń wọlé, tí a kò sì ní bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Airport Road, Benin City, níbi tí mo ti ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọmọkùnrin Yorùbá kan tí ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀ máa ń gbórí lé tábìlì. Wọ́n nà án lẹ́gba. Kẹ́mìstì ta Panadol fún un. Nígbà tí mo bèèrè bí oorun rẹ̀ ti rí, ó ní òun kì í sùn, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá òun, ìdánwò òun sì ni gbogbo ilé ń wò. Bí olùkọ́ kò bá fetí sí ohùn ọ̀rọ̀, yóò pe ẹni tí ọdẹ ń lé ní ọ̀dẹ̀. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Uselu nínú ìlú náà, ṣùgbọ́n òbí mélòó ni yóò gbà láti mú ọmọ lọ, tí kò ní bẹ̀rù pé aládùúgbò yóò pè é ní wèrè?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú méje àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 ni ìṣòro ọpọlọ ń bá fínra; bí a bá fi èyí wo kíláàsì ọmọ 42, ó tó mẹ́fà. N kò sọ pé gbogbo ẹ̀fọ́rí ni ti ọkàn. Kí a kọ́kọ́ yẹ ibà àti ojú wò. Lẹ́yìn náà, kí a bèèrè oorun, oúnjẹ àti ilé, kí a sì tọ́ka ọmọ sí dókítà bí agbára wa kò bá ká a.

Ní ìkádìí, "brain fag" di ẹ̀bi ru àṣà wa, "ọdẹ orí" sì lè mú wa di ẹ̀bi ru aládùúgbò. Èyí tí ó tọ́ jù ni gbólóhùn tí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kí a gbọ́ ọ tán kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.