Àwọn Òpó Tó Gba Oyè Bàsílíkà

Oyè ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni bàsílíkà. Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò kọ̀wé béèrè rẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, Róòmù yóò wá wádìí ìtàn ilé náà, àwòrán rẹ̀, iye àlùfáà tó ń sìn níbẹ̀, àti bí ìsìn àti orin ibẹ̀ ṣe rí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò tíì yà sí mímọ́ kò lè jẹ ẹ́. Èyí tó bá jẹ ẹ́ ń gba agboòrùn aláwọ̀ pupa àti ìyeyè tí wọ́n máa ń ṣí dé ìdajì, pẹ̀lú agogo kékeré orí ọ̀pá. Yorùbá wo ló máa béèrè ohun tí agboòrùn ń ṣe lórí olóyè?

Òpó ni mo fẹ́ ká wò ní tèmi. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún da òróró sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família ní Barcelona, ó ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́, ó sì fi í jẹ bàsílíkà lọ́jọ́ kan náà. Láti ọdún 1882 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Wo ìdí òpó kan nínú rẹ̀. Igun mẹ́jọ ló ní, bí ìràwọ̀. Bí ojú ẹ ṣe ń gòkè, mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún, ó di méjìlélọ́gbọ̀n, títí òpó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto bí igi àgbọn. Antoni Gaudí, tó ya ilé náà, mú ìràwọ̀ yẹn, ó ń lọ́ ọ sápá ọ̀tún bó ṣe ń gòkè. Ó mú irú rẹ̀ mìíràn, ó lọ́ ọ sápá òsì. Ibi tí méjèèjì jọ ní nìkan ló fi sílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ rọrùn. Ẹ fún agbẹ́kùúta ní òòlù, kó wá gbẹ́ ẹ!

Ẹrù ló yan òkúta. Àwọn òpó tó ru ẹrù jù jẹ́ pọ́fírì pupa, onígun méjìlá. Básáltì tẹ̀ lé e, onígun mẹ́wàá. Gíránáìtì ní mẹ́jọ. Òkúta Montjuïc, tó rọ̀ jù, ní mẹ́fà. Lókè, òpó ya ẹ̀ka bí igi, ẹ̀ka sì gbé òrùlé débi pé ògiri kò nílò ọ̀pá àtìlẹ́yìn níta.

Òrùlé náà ńkọ́? Mú ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ kan, so ó láàárín, kí o sì lọ́ ọ. Ọmọ ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì tọ́ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ìbàdí ti tẹ́ẹ́rẹ́, orí àti ìdí ti là bí òdòdó. Irú ìrísí bẹ́ẹ̀ ni Gaudí fi ṣe òrùlé àti fèrèsé: ohun tó tẹ̀, tó jẹ́ pé ìlà tó tọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní okùn àti ọ̀pá ìwọ̀n lè bá a ṣe é lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sì kan àwọn tó gbẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro gbá Gaudí ní 1926, ó kú. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1936, àwọn kan ya wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n jó àwọn àwòrán, wọ́n fọ́ àwọn àwòṣe tí wọ́n fi ẹfun P.O.P. ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ṣa àfọ́kù jọ, wọ́n ń fi ọ̀kan lé èkejì, wọ́n ń wọn igun tó ṣẹ́kù, láti inú àfọ́kù yẹn ni wọ́n sì ti mọ bí òpó yóò ṣe lọ́. Nígbà tí Póòpù dé, kò sí ẹnì kan nínú àwọn agbẹ́kùúta tó bá Gaudí ṣiṣẹ́ rí.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín agboòrùn yẹn, orí àwọn tó to àfọ́kù ni mo máa kọ́kọ́ ṣí i lé.